Ìtọ́sọ́nà: Gígun Kẹ̀kẹ́ Òkè ní Àyíká Ìlú Etí Òkun

Ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní àyíká ìlú etí òkun kì í dúró lórí irú ilẹ̀ kan. Láàárín kìlómítà 10 péré, ẹ lè gba orí iyanrìn líle tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ la òkìtì iyanrìn rírọ̀ já, kí ẹ gun òkè olókùúta, kí ẹ wọ igbó tí gbòǹgbò igi rẹ̀ tutù rinrin, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè àpáta. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkè ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Àmọ́ ohun tó sábà ń dá wọn padà lọ́nà ni ìkún òkun, atẹ́gùn, iyanrìn àti iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí omi kí ó tó kan òkè.

Ẹ mọ wákàtí òkun

Ní ọ̀pọ̀ etí òkun, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Láti ìkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, nítorí náà àkókò tí omi fà lónìí á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lọ́la. Láàárín ọjọ́ méje, ìyàtọ̀ yẹn á ti tó nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹni tó gun etí òkun ní aago 8 àárọ̀ Sátidé yìí, tó tún padà síbẹ̀ ní aago 8 Sátidé tó tẹ̀ lé e, omi ni yóò bá níbi tó ti bá iyanrìn.

Ẹ wá àtẹ wákàtí ìkún àti ìfà òkun ti èbúté tó sún mọ́ yín jù lọ. Ẹ má ṣe fi ti èbúté mìíràn dípò, nítorí wákàtí wọn lè yàtọ̀ gan-an bí wọn kò tilẹ̀ jìnnà síra. Àwọn etí òkun kan wà tí omi ń kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́, àwọn mìíràn sì wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣípò rárá; àtẹ náà ló máa sọ èwo ni tiyín. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ kọ wákàtí tí omi máa fà tán sílẹ̀.
2. Ẹ wọ orí iyanrìn ní nǹkan bíi wákàtí 2 ṣáájú rẹ̀.
3. Níbi tí àpáta ti dí ẹ̀yìn etí òkun tí kò sí ọ̀nà àbájáde, ẹ ti kúrò níbẹ̀ pátápátá kó tó pé wákàtí 1 lẹ́yìn tí omi fà tán.
4. Ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí èèyàn ti lè gòkè kúrò létí omi lórí máàpù yín, kí ẹ sì mọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí omi ṣe ń yára tó. Bí ẹ bá pín gíga tó wà láàárín ìfà àti ìkún sí ọ̀nà 12, omi máa ń gòkè ní ìdá 1 ní wákàtí kìíní, 2 ní wákàtí kejì, 3 ní ẹ̀kẹta, 3 ní ẹ̀kẹrin, 2 ní ẹ̀karùn-ún, 1 ní ẹ̀kẹfà. Bí gíga náà bá jẹ́ mítà 3, sẹ̀ǹtímítà 25 péré ni omi fi máa gòkè ní wákàtí kìíní, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 75 ni ní wákàtí kẹta. Ibẹ̀ ni ó ti ń tan èèyàn jẹ: ó rọra bẹ̀rẹ̀, ẹ rò pé àkókò ṣì wà, kí ẹ tó mọ̀, ó ti dé ìdí àpáta. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, pàápàá ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, omi máa ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atẹ́gùn líle tó ń fẹ́ láti ojú òkun náà lè mú kí omi ga ju ohun tí àtẹ kọ lọ.

Ní ti atẹ́gùn, oòrùn tètè ń mú ilẹ̀ gbóná ju òkun lọ, torí náà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, atẹ́gùn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti òkun wá bí ó bá ti ń súnmọ́ ọ̀sán, á le jù lẹ́yìn ọ̀sán, á sì rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jáde ní kùtùkùtù. Ẹ dojú kọ atẹ́gùn nígbà tí ara yín ṣì le, kí ó lè máa tì yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé. Ẹ ṣọ́ra níbi tí àlàfo bá wà láàárín òkè méjì létí bèbè, torí atẹ́gùn máa ń ṣàdéédéé gba ibẹ̀ jáde, ó sì lè gbá taya iwájú sí ẹ̀gbẹ́.

Máàpù, àti ibi tí kò yẹ kí taya dé

Lórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ya ojú ọ̀nà sórí máàpù máa ń fi nọ́ńbà 0 sí 6 díwọ̀n bí ó ṣe le tó fún kẹ̀kẹ́. 0 ni ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò ní ìdíwọ́. 1 lè ní gbòǹgbò àti òkúta kéékèèké. 2 ní òkúta ńlá àti ibi tó rí bí àtẹ̀gùn. Láti 3 lọ sókè, ẹni tó ti mọwọ́ rẹ̀ dáadáa ló ni ín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó dúró sí 0 àti 1. Àwọ̀ tí wọ́n kùn sára pátákó ojú ọ̀nà kò dúró bákan náà níbi gbogbo: ní Amẹ́ríkà, láti búlúù ni wọ́n ti ń bọ́ sí dúdú, ṣùgbọ́n ní Bírítéènì, pupa wà láàárín búlúù àti dúdú. Ẹ ka àlàyé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀.

Ẹ tún ka ìlà gíga orí máàpù. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá dúró fún mítà 10, tí ẹ sì kọjá ìlà 5 láàárín mítà 500, mítà 50 ni ẹ gùn, ìyẹn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè gun ìyẹn. Bí ìlà bá fún mọ́ra tó 10 láàárín mítà 500 kan náà, ẹ ka àkókò tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn, tí ẹ ó máa ti kẹ̀kẹ́, mọ́ ètò yín. Lójú ọ̀nà tóóró inú igbó, kìlómítà 8 sí 12 ní wákàtí kan tó fún ẹni tí kì í sáré ìdíje. Lórí iyanrìn rírọ̀ kò lè tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 15 sí 20 ti tó fún ìrìn àkọ́kọ́.

Àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kí ẹ gùn bí ó tilẹ̀ ṣeé gùn. Koríko orí òkìtì iyanrìn ló ń di iyanrìn náà mú. Bí taya bá gé gbòǹgbò rẹ̀, atẹ́gùn á wọ ojú ọgbẹ́ náà, á sì máa gbẹ́ ẹ títí òkìtì á fi ya. Ẹ gba orí pákó tàbí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ etí òkun kan sì ń yé ẹyin sórí iyanrìn lásán, láìsí ìtẹ́ tí ojú lè tètè rí, lókè ìlà ìdọ̀tí àti koríko òkun tí ìkún omi kó sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìlà yẹn, níbi tí iyanrìn ti tutù tó sì le, ni ẹ máa gùn. Ó sàn fún ẹyẹ, ó sì sàn fún itan yín. Bí pátákó bá ní ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ọ̀nà bèbè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Bèbè àpáta gba ọ̀wọ̀. Ìgbì máa ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, débi pé ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ létí rẹ̀ lè má ní nǹkan kan lábẹ́. Ẹ fi ó kéré tán mítà 5 sílẹ̀, kí ẹ sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn òjò ńlá tàbí níbi tí ilẹ̀ bá ti sán. Ẹ má ṣe sinmi ní ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ náà.

Mímúra kẹ̀kẹ́

Taya ló ṣe pàtàkì jù, níbẹ̀ sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Fún ẹni tí ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ tó kílò 75, lórí taya tí kò ní túùbù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2.3 sí 2.4, ẹ fi psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú taya) 20 sí 22 bẹ̀rẹ̀ ní iwájú, 23 sí 25 ní ẹ̀yìn. Bí túùbù bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi psi 4 tàbí 5 kún un. Fún kílò 5 tó bá lé tàbí tó bá dín, ẹ fi psi 1 kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́. Gééjì ni kí ẹ lò; fífi àtàǹpàkò tẹ taya wò kò tó. Ẹ gun òkè kékeré kan wò: bí taya bá ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, ẹ fi psi 1 kún un, bí rímù bá ń kan òkúta, ẹ fi 2 kún ti ẹ̀yìn.

Bí iyanrìn bá pọ̀ níwájú, ẹ tú psi 4 tàbí 5 jáde kí taya lè fẹ̀ sílẹ̀, kó sì léfòó dípò kó máa gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ ju iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sára taya tàbí rímù. Lẹ́yìn iyanrìn, kí ẹ tó kan òkúta, ẹ fẹ́ ẹ padà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, túùbù rẹ̀ máa ń ní ihò méjì tó dojú kọra bí ibi tí ejò bù jẹ, torí rímù ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ẹni tí kò lo túùbù, rímù rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Nílé, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa fi pọ́ǹpù kékeré fún atẹ́gùn kí psi 5 tó wọlé. Iye yẹn ni ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ́nà láìsí gééjì. Ẹni tó jẹ́ pé orí iyanrìn ló máa ń gùn jù lọ, kẹ̀kẹ́ onítaya ínṣì 4, tó ń lo psi 5 sí 8 péré, ló bá a mu. Ó wúwo lórí òkè, àmọ́ kò sí èyí tó dà bí i lórí iyanrìn.

Nínú taya tí kò ní túùbù, mílílítà 90 sí 120 oje tí ń dí ihò ló yẹ kó wà fún taya ńlá. Ooru máa ń mú un gbẹ, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù méjì méjì: ẹ gbé taya, kí ẹ mì í, bí ẹ kò bá gbọ́ kó máa dún nínú, ó ti gbẹ.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú náà gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa gbé rìn, ẹ ti òrùka rọ́bà ara ṣọ́ọ̀kì wá sísàlẹ̀, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ láìjó lórí rẹ̀, kí ẹlòmíì dì yín mú, kí ẹ dúró lórí pẹ́dàlì, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra sọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 120 yẹ kó wọlé ní mìlímítà 24 sí 30. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí kò bá tó, ẹ tú díẹ̀.

Ọ́ìlì ṣéènì: ẹ lo irú tí ń gbẹ tàbí èyí tí wọ́n fi ìda ṣe. Ọ́ìlì tó ki máa ń di iyanrìn mú, méjèèjì á sì di ohun tí ń lọ irin bí ayùn. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ìsopọ̀ ṣéènì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó wọlé, kí ẹ sì fi aṣọ nu ìta rẹ̀ mọ́. Inú ló nílò ọ́ìlì. Ìta ni ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́.

Ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó jáde, ẹ fi gíríìsì pa á, kí ẹ dá a padà. Bí ọ̀pá tàbí férémù bá jẹ́ kábọ̀n, oje tí wọ́n ṣe fún kábọ̀n ni kí ẹ lò. Bóòtù tó wà ní ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní iye agbára tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ má ṣe fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹrù ọ̀nà: túùbù kan (ẹni tí kò lo túùbù pẹ̀lú), irin ìṣítaya méjì, pọ́ǹpù, okùn ìdíhò taya, irin iṣẹ́ alápapọ̀ tó ní èyí tí ń já ṣéènì, ìsopọ̀ ṣéènì méjì tó bá iye gíà yín mu, irin kékeré tí apá gíà ẹ̀yìn so mọ́ lára férémù, fèrè, iná kékeré, àti omi mílílítà 500 sí 750 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi máàpù pamọ́ sínú fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí àpáta etí òkun máa ń dí i. Jígí ojú kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́: iyanrìn tí atẹ́gùn gbé máa ń wọ ojú ní ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti gbọ́dọ̀ wà lórí bíréèkì.

Lójú ọ̀nà

Iyanrìn rírọ̀. Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ ti bọ́ sí gíà tó rọrùn, torí yíyí gíà pẹ̀lú agbára nínú iyanrìn lè já ṣéènì. Ẹ jókòó, kí ẹ sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀ kí taya iwájú lè fúyẹ́. Ẹ yí pẹ́dàlì bí ìgbà 80 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí: yóò máa jó lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹ jẹ́ kó jó. Ara ni ẹ máa fi darí rẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, torí taya yẹn á rì, ẹ̀yin á sì kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dúró pátápátá, ẹ ti kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó le kí ẹ tó gùn ún padà.

Iyanrìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ líle léwu ju iyanrìn púpọ̀ lọ. Ní kọ́nà, ó máa ń yí lábẹ́ taya láìkìlọ̀. Ẹ parí bíréèkì kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ tẹ kẹ̀kẹ́ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìta wà nísàlẹ̀ kó sì gbé ìwúwo yín.

Òkúta tí ewédò ti hù sí lára. Taya kankan kò lè dì í mú. Bí òkúta bá ń dán tó sì dúdú tàbí tó tutù yọ̀yọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ rìn. Pákó tó tutù náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ wọ̀ ọ́ ní tààrà, ẹ má ṣe fa bíréèkì, ẹ má ṣe yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí ẹ ó fi jáde.

Gbòǹgbò tó tutù, ẹ dá a kọjá ní ìbú, kí taya pàdé rẹ̀ ní igun tó sún mọ́ 90. Gbòǹgbò tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà yín lọ ni ó máa ń gbé taya lọ.

Ibi sísọ̀ láti orí òkè tó yọ sínú òkun sábà máa ń gùn, kì í sì sí ibi ìsinmi. Ẹ dìde kúrò lórí ìjókòó, pẹ́dàlì méjèèjì dọ́gba, ìgbọ̀nwọ́ ṣí sí ìta, ìdí sẹ́yìn, ìka kan péré lórí bíréèkì kọ̀ọ̀kan, ojú sì wà níwájú ní mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fa bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìtú u. Ní àwọn ọdún 1970, lórí òkè Marin County ní California, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkun Pàsífíìkì, níbi tí eré kẹ̀kẹ́ òkè ti gbilẹ̀, ooru bíréèkì inú họ́ọ̀bù (ìdí àárín wíìlì) máa ń jó gíríìsì tán lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ kan, wọn á sì ní láti fi òmíràn sí i. Bíréèkì dísìkì òde òní lágbára ju ìyẹn lọ, àmọ́ ooru náà ń gba agbára rẹ̀. Ẹ fà á gidi fún ìgbà díẹ̀, ẹ tú u kó simi, kí ẹ tún fà á. Bí ọwọ́ bíréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ dúró kó tutù.

Ẹ yàgò fún omi iyọ̀. Odò kékeré tó ń ṣàn sínú òkun lè dà bí ohun tó rọrùn láti la kọjá, ṣùgbọ́n bí omi bá dé àárín wíìlì, yóò wọ inú bọ́ọ̀lù họ́ọ̀bù, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń mú kí wíìlì yí. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká.

Fífọ̀: ọjọ́ náà gan-an

Iyọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà irin tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ kì í gbẹ tán bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Kẹ̀kẹ́ tí kò kan omi rárá náà lè dípẹtà, torí atẹ́gùn ń gbé ìfóófòó ìgbì dé ibi tó jìnnà. Níbi tí alumíníọ́mù bá ti fara kan irin, omi iyọ̀ á mú kí ọ̀kan máa jẹ èkejì run. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun níbẹ̀. Báyìí ni ọ̀pá ìjókòó ṣe ń lẹ̀ mọ́ férémù títí ayùn nìkan á fi lè yọ ọ́.

1. Kí ẹ tó wọlé, ẹ da omi tútù tí kò níyọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Gárawà kan ti tó. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ tí ń fín omi pẹ̀lú agbára, torí á ti iyanrìn àti iyọ̀ kọjá rọ́bà sínú bọ́ọ̀lù họ́ọ̀bù àti ti ìdí pẹ́dàlì.
2. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ férémù. Ẹ lo kànìnkànìn mìíràn fún ṣéènì. Èyí tó bá kan ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ kan dísìkì bíréèkì láé.
3. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì àti eyín gíà títí iyanrìn á fi jáde, kí ẹ ṣan án.
4. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó já lulẹ̀ lórí taya nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí omi lè jáde. Ẹ fi aṣọ nu ṣéènì, bóòtù àti ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì.
5. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ìgbà tó bá gbẹ pátápátá ni ẹ máa tó fi ọ́ìlì sí ṣéènì. Ọ́ìlì lórí omi kò ní wọlé.
6. Ẹ fi aṣọ tó ní ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nu orí bóòtù, jìnnà sí bíréèkì.

Ní oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó, ẹ nù ún, kí ẹ tún fi gíríìsì pa á.

Ohun tí ariwo ń sọ

Bí bíréèkì bá ń dún bí ohun tí ń lọ nǹkan, iyanrìn ti wọ àárín páàdì àti dísìkì. Ẹ da omi sí i. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ páàdì, kí ẹ wò ó. Tí ohun tí ń fọwọ́ kan dísìkì kò bá tó mìlímítà 1 mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Páàdì onírin máa ń pẹ́ ju ti oje líle lọ nínú omi àti iyanrìn, bó tilẹ̀ ń pariwo.

Bí ṣéènì bá ń fò, ẹ wọn ọ́n. Ìsopọ̀ 24, láti àárín píìnì kan sí àárín èyí tó kángun, gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Tí ó bá ti di ínṣì 12 àti ìdá 1 nínú 16, ó ti gùn jù fún kẹ̀kẹ́ onígíà 11 tàbí 12, ó sì máa jẹ eyín gíà bí ẹ bá ń bá a lọ. Owó ṣéènì tuntun kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gbogbo gíà tuntun.

Bí kẹ̀kẹ́ bá ń dún nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, ẹ gùn ún ní ìdúró. Tí ariwo bá dákẹ́, ìdí ìjókòó ni ẹ ti máa wá a. Tí kò bá dákẹ́, ẹ yọ pẹ́dàlì, ẹ nu ojú ibi tí ó ti ń yí wọlé, ẹ fi gíríìsì sí i, kí ẹ dá a padà kí ẹ tó ronú kan bọ́ọ̀lù ìdí pẹ́dàlì.

Ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ fi ìka yí taya. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun tó rí bí iyanrìn nínú họ́ọ̀bù, omi iyọ̀ ti wọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe gùn ún lọ sí ìrìn tó ń bọ̀. Ẹ tú u, ẹ fọ bọ́ọ̀lù tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí bọ́ọ̀lù kan tó ti bàjẹ́ á máa lọ inú họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe.